Ìrìn Tí Ìyá Àlàkẹ́ Kò Rìn

Ẹ̀yin tí ẹ ní kí n má lọ, mo ti dé o. Ẹsẹ̀ mi pé méjì, ara mi le, mo sì sanra ju bí mo ṣe lọ. Ìyá Rónkẹ́, tí ògiri kan ṣoṣo pín èmi àti òun níyà ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, ti búra pé ọ̀pọ̀lọ́ ni wọn yóò fi sebẹ̀ fún mi ní Kútọnù. N kò rí ọ̀pọ̀lọ́ kankan nínú àwo. Ohun tí mo rí ni mo fẹ́ sọ, kí ẹnu lè sinmi ládùúgbò.

Ẹni tí kò bá mọ̀ mí, ọkọ̀ ni mo kà jẹun. Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ni mo fi jókòó sẹ́bàá títì pẹ̀lú páálí àti bírò: ìlà kan fún ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, ìlà kan fún ọ̀kadà, ìlà kan fún tírélà. Ìwé tí irú èmi bá kọ ni àwọn ọ̀gá máa ń wò kí wọ́n tó pinnu ọ̀nà tí wọn yóò ṣe àti èyí tí wọn yóò fi sílẹ̀ fún koríko. Mo fẹ̀yìn tì, mo rò pé ó tán. Àfi bí ẹgbẹ́ kan tó ń tún ọ̀nà oko ṣe ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, tí àwa níbí ń pe gbogbo rẹ̀ ní Kútọnù, ṣe ránṣẹ́ pé àwọn ń wá ẹni tó mọ ọkọ̀ kà tó sì gbọ́ Yorùbá, nítorí Yorùbá ni wọ́n ń sọ ní agbègbè Ifangni tí iṣẹ́ náà wà. Ọ̀sẹ̀ méjì péré ni. Mo bi ara mi pé kí ni mò ń ṣe nílé gan-an, mo sì di ẹrù.

Igolo

Ní Ìdírókò, Náíjíríà parí. Ẹ gbé ẹsẹ̀ kan síwájú, ẹ ti wà ní Igolo. Eruku pupa kan náà ni, ariwo kan náà, àwọn onísẹ́ńjì kan náà tí owó Náíjíríà àti owó tiwọn kún ọwọ́ wọn. Mo ń wo ibi tí ayé ti yàtọ̀, n kò rí i, ni aláàárù kan bá já báàgì mi gbà lọ́wọ́ mi. Mo figbe ta pé olè. Ọkùnrin náà dúró, ó wojú mi tìyanutìyanu.

"Màmá, kí lẹ ń bú mi sí? Ṣé kí n máa wo ìyá mi kó máa ru ẹrù ni?"

Ojú tì mí. Nígbà tó sọ ẹrù kalẹ̀ tán, tí mo fún un lówó rẹ̀, ó tẹríba, ó ní, "Mẹ̀sí, Màmá." Èmi tí mo pè é lólè ni ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Ọlọ́pàá tó wà nídìí tábìlì ní, "Bọ́njúù, Madáàmù." Mo ti kọ́ èsì rẹ̀ láti ilé, ṣùgbọ́n gbogbo rẹ̀ sá kúrò lórí mi, ẹnu mi sì sọ ohun tó mọ̀: "Ẹ káàárọ̀ sà." Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ kú ewu ọ̀nà, Màmá. Ṣé àlàáfíà ni wọ́n wà nílé?" Inú mi dùn débi pé mo fẹ́ jókòó tì í. Ṣùgbọ́n ó yíjú sí ẹnì kejì rẹ̀, Faransé sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú jáde lẹ́nu rẹ̀ bí omi ẹ̀rọ. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ mọ̀ pé àlejò ni mí. Ọmọ Yorùbá bíi tèmi ni, àmọ́ yàrá kan wà nínú ilé rẹ̀ tí n kò lè wọ̀.

Obìnrin kúkúrú kan ń dúró dè mí lórí ọ̀kadà. Ó bọ́ sílẹ̀, ó kúnlẹ̀ lórí eruku, ó dìde, ó gbọn orúnkún rẹ̀ nù. "Èmi ni Rẹ̀kíyà. Èmi àti yín la jọ máa ṣiṣẹ́. Tantí, ẹ gun ẹ̀yìn." Bí wọ́n ṣe ń pe àwọn ìyá lọ́hùn-ún nìyẹn, Tantí. Mo ní, "Èmi? Pẹ̀lú ìdí yìí?" Ó ní ìdí tó tóbi jù ú lọ ti gùn ún, kò sì já. Mo gùn ún. Ọlọ́run nìkan ló mọ iye àdúrà tí mo gbà kí a tó dé Banigbé.

Omi kí ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀

Banigbé ni ọ̀nà dídán parí sí. Láti ibẹ̀ lọ sí abúlé Ìdí-Ọ̀pẹ, ilẹ̀ lásán ni: oko ẹ̀gẹ́ lápá kan, ọ̀pẹ lápá kejì, pòròpórò àgbàdo tí wọ́n ti ká. Ọyẹ́ ló ń fẹ́ lásìkò náà, ọ̀nà gbẹ, ó le. Níbì kan tó rẹlẹ̀ láàárín ọ̀nà, ẹrẹ̀ ti gbẹ, ó ti sán wẹ́wẹ́. Rẹ̀kíyà dín eré kù. Ó ní, "Bí òjò bá dé, Tantí, omi ibí yìí á dé ibí." Ó fi ọwọ́ kan àyà rẹ̀. Mo ní "ẹ̀n-ẹ́n", bí a ti ń ṣe fún ẹni tó ń ṣe àsọdùn. Ọ̀nà tó dára tó báyìí, kí ni wọ́n ń ráhùn sí?

Olórí abúlé náà, Délégé ni wọ́n ń pè é, bàbá pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan tí fìlà rẹ̀ kì í kúrò lórí. Wọ́n fún wa ní ìjókòó, wọ́n gbé omi fún mi. Bí mo ṣe gba ife, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé ohun tí mo wá ṣe, àfi bí Rẹ̀kíyà ṣe já mi léèékánná. "Tantí, ẹ mu omi ná." Mo mu ún. Gbogbo ilé dákẹ́ títí mo fi gbé ife kalẹ̀. Nígbà náà ni Délégé tó sọ̀rọ̀: "Ẹ kú àbọ̀. Àlàáfíà la wà níbí. Ẹ̀yin lọ̀rọ̀ kù sí lẹ́nu." Mo fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀. Nílé níbí, àlejò ò ní tíì wọlé tán tí a ó ti bi í léèrè ohun tó gbé e wá.

Mo wá ṣàlàyé. Ọ̀nà kan ṣoṣo ni owó tó wà nílẹ̀ lè ṣe, ọ̀nà méjì ló sì ń dù ú: tiwọn yìí, láti Banigbé dé Ìdí-Ọ̀pẹ, àti òmíràn tó wà nítòsí Igolo. Ọjọ́ mẹ́ta ni a ó fi ka ọkọ̀ lójú ọ̀nà kọ̀ọ̀kan. Ẹnjiníà wa, Mùsíyé Lúsíyẹ̀n, ọmọ Àjàṣẹ́ ti ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, yóò wá kó ìwé méjèèjì lọ sí ìpàdé ní Ifangni. Ibi tí èrò bá ti pọ̀ ni wọ́n máa ṣe.

Délégé mi orí. "Dákọ̀. A gbọ́. Màmá, ẹ fọkàn balẹ̀. Ẹnì kankan ò ní yọ yín lẹ́nu." Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ló sọ ọ́, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo sì dúpẹ́. Ká ní mo mọ ohun tó ń sọ ni, ǹ bá ti di aṣọ rẹ̀ mú.

Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ni wọ́n fi mí wọ̀ sí, Ìyá Àlàkẹ́. Pírọ̀n ló sè fún mi. Gàrí ni, ẹ̀yin ará, gàrí tí a mọ̀ láti kékeré, ṣùgbọ́n omi adìẹ ni wọ́n fi rò ó, pẹ̀lú tòmátì àti ata, tí adìẹ fúnra rẹ̀ wá jókòó lé e lórí. Mo ní ta ló rán ẹ̀bà lọ sílé ìwé gíga báyìí? Ìyá Àlàkẹ́ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó sì tún bù ú sí i. Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ méjì tí mo lò, obìnrin yìí kò jẹ́ kí n rí ìsàlẹ̀ àwo mi.

Gàrí kò ní ìyẹ́

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, igbe ọmọdé ló jí mi. Mo bọ́ síta, mo rí àwọn ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta tí wọ́n tò sẹ́nu ọ̀nà, tí Ìyá Àlàkẹ́ na ẹsẹ̀ sílẹ̀ lórí àpótí, tó ń wẹ̀ fún ọmọ tuntun lórí itan rẹ̀. Ó fi kàǹkàn bó o, ó na apá, ó na ẹsẹ̀, ó jù ú sókè, ó hán an. Ọmọ ń ké, ìyá ọmọ ń rẹ́rìn-ín. Rẹ̀kíyà sọ fún mi pé kò sí ọmọ tí wọ́n bí ní Ìdí-Ọ̀pẹ láti ọjọ́ yìí wá tí kò gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá.

A lọ jókòó sábẹ́ igi máńgòrò lẹ́bàá ọ̀nà. Mo to páálí mi, mo gbọn bírò, mo ń retí. Láti ìdájí títí oòrùn fi wọ̀, ohun tí mo rí nìyí: ọ̀kadà mọ́kànlá, mọ́tò pásítọ̀ kan, àti kẹ̀kẹ́ kan tí táyà rẹ̀ ti jò, tí ẹni tó ni ín ń tì í. Ẹlẹ́sẹ̀? Kò sí. Ọ̀nà dá páropáro bí ọjọ́ tí orò jáde. Wọ́n tilẹ̀ ti gbá iwájú wa mọ́ kí a tó dé.

Mùsíyé Lúsíyẹ̀n fóònù lọ́jọ́ náà. Ó ní ní ti Igolo, ọkọ̀ ń wọ́ tìrítìrí, pé ọwọ́ ẹni tó ń kà á ti ń ro ó. Ó ní bí tiwa bá rí báyìí lọ́jọ́ mẹ́ta, ọ̀rọ̀ ti tán nìyẹn. Adìẹ àwọn èèyàn yìí ni mò ń jẹ, èmi náà ni mo sì fẹ́ fi bírò mi pa ọ̀nà wọn.

Nǹkan kan kò yé mi. Èéfín gàrí ń yọ ní gbogbo àgbàlá. Bí mo bá kúrò nílé láàárọ̀, àpò gàrí a wà lẹ́nu ọ̀nà. Bí mo bá dé, kò sí níbẹ̀ mọ́. Ó dé ọjà Banigbé, gbogbo ènìyàn sì jẹ́rìí sí i. Ọ̀nà wo ló gbà? Gàrí kò ní ìyẹ́.

Ní ọjọ́ kejì tí a ń kà, ìtọ̀ ń gbọ̀n mí, mo yà sínú igbó lẹ́yìn oko ọ̀pẹ. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ forí gbá abọ́ ẹ̀gẹ́. Obìnrin ni wọ́n, wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn lórí ọ̀nà tóóró kan, gbogbo wọn ru ẹrù: ẹ̀gẹ́, gàrí, epo, igi ìdáná. Àwọn ọmọ iléèwé wà láàárín wọn. Bí wọ́n ṣe rí mi ni gbogbo wọn dúró. Ẹni tó wà níwájú sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀, ó kúnlẹ̀. Ìkejì sọ tirẹ̀ kalẹ̀, ó kúnlẹ̀. Gbogbo wọn kúnlẹ̀ sínú ewé: "Ẹ káàárọ̀, Màmá! Ẹ kú iṣẹ́ o!"

Mo ní, "Kí ló dé tí ẹ kò gba ojú ọ̀nà?"

Wọ́n ń wo ara wọn. Ẹni iwájú ló sọ̀rọ̀. "Màmá, ẹ̀yin lẹ jókòó sójú ọ̀nà. A ò lè ru ẹrù kọjá lójú àgbà kí á má kúnlẹ̀, ẹ ó ní a ò rẹ́ni kọ́ wa. Bí a bá sì sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ta ni yóò tún gbé e rù wá? Ìdí nìyẹn tí a fi yà síbí."

Òmíràn fi kún un pé, "Délégé náà ní kí a má ru eruku sí ìwé yín lára."

Wọ́n ní àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Èmi nìyẹn. Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ni mo fi ka ọkọ̀, n kò tíì gbọ́ ibi tí wọ́n ti bọ̀wọ̀ fún ẹni tó ń ka èrò títí kò fi rí èrò kà. Mo bú sẹ́rìn-ín, mo rẹ́rìn-ín títí mo fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, àwọn náà sì bẹ̀rẹ̀. Kò sì parí sí ẹ̀rín, nítorí gbogbo wọn ti sọ ẹrù kalẹ̀ nítorí tèmi. Èmi ni mo gbé ẹrù rù wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, títí kan ẹni tó kẹ́yìn. Ẹ̀yìn mi ò tíì dárí jì mí di òní.

Ewúrẹ́ tó lọ ọjà lẹ́ẹ̀mẹ́fà

Mo sáré lọ bá Délégé. Mo ṣàlàyé pé àwọn tó yà sẹ́yìn ni mo wá wá, pé kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n gba iwájú mi, kí wọ́n má sì kúnlẹ̀, mo ti gba ìkí wọn láti ọ̀nà jíjìn. Bàbá di orí mú. "Abọ́ọ̀n! Ṣé bẹ́ẹ̀ ni? Àṣé kíkà yẹn, àǹfààní tiwa ni?" Ó dìde, ó sì lọ sọ ọ́ láti ilé dé ilé fúnra rẹ̀.

Ó sọ ọ́ jù. Láàárín wákàtí kan, abúlé tú jáde. Àwọn tó ń bọ̀ láti oko ń kọjá, àwọn tí kò lọ oko rí láyé wọn ń kọjá. Aránṣọ ru ẹ̀rọ rẹ̀. Ẹgbẹ́ akọrin ìjọ kan wọ aṣọ funfun, wọ́n kọjá, wọ́n yípo, wọ́n tún kọjá. Bàbá arúgbó kan fa ewúrẹ́ kan kọjá, ó ní ọjà ni òun ń lọ. Kò pẹ́, ó tún dé. Lẹ́ẹ̀kẹfà, ewúrẹ́ náà dùbúlẹ̀ síwájú mi, ó ní òun ò lọ mọ́. Bàbá yìí bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn, ó ń sọ̀rọ̀ sí i létí.

Mo rẹ́rìn-ín gan-an, ṣùgbọ́n nígbà tí ó di ìrọ̀lẹ́, mo fa ìwé ọjọ́ náà ya lójú Délégé. Inú bí i. "Ẹ ní kí wọ́n kọjá, wọ́n kọjá. Ẹ wá fi wá ṣẹ̀sín ni?"

Mo kúnlẹ̀ fún un. "Bàbá, n kò kọ irọ́ sínú ìwé mi rí. Bí àwọn ọ̀gá bá gbọ́ pé ewúrẹ́ kan lọ ọjà lẹ́ẹ̀mẹ́fà lójúmọ́, wọn ò ní gba èyí tó jẹ́ òótọ́ gbọ́ mọ́."

Ó wo ìwé tí mo fà ya. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín ń yọ lábẹ́ irùngbọ̀n rẹ̀. Ó ní, "Ewúrẹ́ yẹn tilẹ̀ gbìyànjú."

Ọjọ́ kẹta ni wọ́n rìn bí wọ́n ṣe ń rìn. Àwọn ẹlẹ́sẹ̀ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ìka mi wú. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo fóònù sí Mùsíyé Lúsíyẹ̀n pẹ̀lú ìdùnnú, ó mí kanlẹ̀. Yorùbá rẹ̀ kò pọ̀, àmọ́ ó yé mi ju bí mo ti fẹ́ lọ. "Madáàmù, ẹlẹ́sẹ̀, nọ́ọ̀. Ẹsẹ̀ ò ba ọ̀nà jẹ́. Ìwé wa, ọkọ̀ nìkan." Òtítọ́ sì ni. Mo wo páálí mi: ọkọ̀, ọ̀kadà, tírélà. Kò síbi tí wọ́n fi sílẹ̀ fún orí obìnrin. Páálí kan náà tí mo ti ń lò láti ọjọ́ èwe mi nìyẹn, n kò sì bi í léèrè rí.

Nídìí agbada gàrí

Mo lọ jókòó sídìí agbada gàrí lọ́sàn-án ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, níbi tí àwọn obìnrin ti ń bẹ ẹ̀gẹ́. Mo sọ òtítọ́ fún wọn: bó ṣe rí yìí, Igolo ló máa gba ọ̀nà náà. Kò sẹ́ni tó bínú sí mi, èyí ló sì dùn mí jù. Wọ́n ń bẹ ẹ̀gẹ́ wọn lọ.

Ìyá Àlàkẹ́ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, kò gbójú sókè. "Òjò ọdún yìí náà, ó di kí wọ́n tún bá mi wẹ̀ fún un."

Mo ní fún ta ni. Wọ́n wá sọ fún mi. Àlàkẹ́, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, Banigbé ló lọ sílé ọkọ, níbi tí ó jẹ́ pé, lọ́yẹ́, a lè ti ibí yìí rìn dé kí iṣu tó jinná. Inú òjò ló bí àkọ́bí rẹ̀ sí. Ìyá Àlàkẹ́ di ọṣẹ àti kàǹkàn sínú báàgì, ó dé ibi tó rẹlẹ̀ yẹn, omi ti kún. Ó dúró títí ilẹ̀ fi fẹ́ ṣú. Ó padà. Ó tún lọ ní ọjọ́ kejì, ó tún padà. Obìnrin àjèjì ló wẹ̀ fún ọmọ náà títí ó fi ń jókòó. Òun tí ó wẹ̀ fún ọmọ gbogbo Ìdí-Ọ̀pẹ, kò wẹ̀ fún ọmọ ọmọ rẹ̀.

"Ó ti lóyún mìíràn báyìí," ni ó wí. "Ìgbà òjò náà ló bọ́ sí."

Èmi bú sẹ́kún. N kò fi bò. Ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran, Rẹ̀kíyà ló sì ríran fún wa. Ó gbé ọ̀bẹ rẹ̀ kalẹ̀. "Tantí, àwọn tó kọjá la ti ń kà. Àwọn tí wọn ò lè kọjá ńkọ́? Kí a bi wọ́n: níbo lo fẹ́ lọ nígbà òjò tó kọjá, tí o ò lọ?"

Ọjọ́ mẹ́rin ni a fi wọ ilé sí ilé. N kò tíì ṣe iṣẹ́ tó dùn mọ́ mi tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n ń fún wa lómi, wọ́n ń fún wa ní àkàrà, wọ́n ń fún wa ní sodabí, ọtí ọ̀pẹ tó ń jó ni lọ́fun, tí èmi ń fi ètè kàn kí n má tàbùkù ẹnikẹ́ni. Wọ́n sì ń sọ ibi tí wọn kò lọ. Ọmọbìnrin tí ó jókòó sílé nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń ṣe ìdánwò ní kọ́lẹ́ẹ̀jì Banigbé. Ọkùnrin tí ó gbọ́ òkú bàbá rẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n ti sin ín. Nọ́ọ̀sì tó wá lẹ́ẹ̀kan, tó wo omi, tó yí padà. Bàbá eléwúrẹ́ ní àna òun pe òun síbi ìsọmọlórúkọ, òun kò lè lọ, ẹnu lásán ni òun fi jẹ ẹ́. Ẹ̀yìn páálí ọkọ̀ mi ni mo kọ gbogbo rẹ̀ sí, ẹnì kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú orúkọ rẹ̀, kí ẹni tó bá ṣiyèméjì lè lọ bi í.

Mùsíyé Lúsíyẹ̀n dé, ó yí páálí náà padà, Rẹ̀kíyà sì ń túmọ̀ fún un. Ó kà á, ó yọ gíláàsì rẹ̀, ó nù ún, ó tún kà á. Ó bèèrè nǹkan kan. Rẹ̀kíyà ní, "Ó ní ta ni yóò dìde dúró fún ìwé yìí níwájú wọn?"

Mo ní, "Èmi ni mo kọ ọ́."

Ifangni

Nínú gbọ̀ngàn kan ní Ifangni ni ìpàdé ti wáyé, aṣọ òkè mi ni mo sì wọ̀ lọ. Èmi àlejò, láàárín àwọn oníkóòtù, tí n kò gbọ́ Faransé ju bọ́njúù lọ! Mo sọ ohun tí mo rí, Rẹ̀kíyà túmọ̀. Mo sọ ti ẹ̀yìn oko, wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo sọ ti ewúrẹ́, wọ́n lu tábìlì. Mo wá ka ibi tí wọn kò lọ, lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú orúkọ.

Ọ̀kan nínú àwọn tó wá láti ìlú ńlá gbé ọwọ́ sókè. Kì í ṣe ènìyàn búburú, iṣẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe. Ó ní òun gbọ́, ó káni lára, ṣùgbọ́n àwọn ń fi ìwọ̀n pín owó ọ̀nà ni. Ìwẹ̀ ọmọ, tọ́ọ̀nù mélòó ni?

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ìyá Àlàkẹ́ ló dìde lẹ́yìn. Ẹ̀yìn ọ̀kadà Délégé ló gbé e wá. Ó kúnlẹ̀ kí wọn ná, kò yára. Ó wá ní, "Ọmọ mi, ẹ má bínú. Ta ló wẹ̀ fún yín?"

Rẹ̀kíyà túmọ̀. Ọkùnrin náà ò retí rẹ̀. Ó wo ilẹ̀, ó ní ìyá ìyá òun ni.

"Ṣé ilé kan náà lẹ jọ ń gbé nígbà náà?"

Ó ní rárá, abúlé kan lẹ́yìn Sakété ló ti wá.

"Kí ló gbé e wá?"

"Ẹsẹ̀ rẹ̀," ni ọkùnrin náà wí. Yorùbá ló fi sọ ọ́. A kò tilẹ̀ mọ̀ pé ó gbọ́ Yorùbá.

Ìyá Àlàkẹ́ mi orí. "Wọ́n kú iṣẹ́. Ọ̀nà tiwọn dára ju tèmi lọ." Ó jókòó.

N kò ní parọ́ fún yín pé wọ́n gbé gbogbo owó náà fún wa. Igolo gba èyí tó pọ̀ jù, ọkọ̀ ibẹ̀ pọ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n wọ́n yọ díẹ̀ nínú rẹ̀, pé kí wọ́n da ilẹ̀ pupa sí ibi tó rẹlẹ̀ yẹn, kí wọ́n ri páìpù ńlá tí omi yóò máa gbà sábẹ́ rẹ̀, kí òjò àkọ́kọ́ tó rọ̀. Mùsíyé Lúsíyẹ̀n fúnra rẹ̀ sì fa ìlà tuntun sórí páálí kíkà. Ó bi mí pé kí ni kí òun pè é. Mo ní kó kọ "Ibi tí wọn kò lè lọ".

Ní Ìdí-Ọ̀pẹ lọ́jọ́ náà, a jó. Délégé jó, fìlà rẹ̀ sì jábọ́ fún ìgbà àkọ́kọ́, orí rẹ̀ ń dán nínú oòrùn. Mo jẹ pírọ̀n títí mo fi ń mí hẹlẹhẹlẹ. Nígbà tí mo ń lọ, àwọn obìnrin tò sójú ọ̀nà pẹ̀lú ẹrù lórí, kò sì sẹ́ni tó kúnlẹ̀. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín sí mi, wọ́n ń na ọwọ́ sókè. Mo sunkún dé Igolo.

Ògbómọ̀ṣọ́

Mo ti wà nílé fún oṣù mélòó kan báyìí. Òjò ti dé, ẹ̀yin náà ń rí i. Lọ́sàn-án Túsìdeè tó kọjá, ó ń lu páànù mi débi pé n kò gbọ́ fóònù títí Ìyá Rónkẹ́ fi kígbe sí mi láti ọ̀dọ̀ tirẹ̀. Mo gbé e. Igbe ọmọ tuntun ni mo kọ́kọ́ gbọ́, igbe ńlá, bí ẹni tí wọ́n ń jà lólè.

"Màmá Ògbómọ̀ṣọ́!" Ohùn Ìyá Àlàkẹ́ ni. "Ṣé ẹ ń gbọ́ ọ?"

"Mò ń gbọ́ ọ. Kí ni wọ́n ń fi í ṣe?"

"Èmi ni! Mo ti kó ọṣẹ bò ó. Obìnrin ni, ó tóbi, ó ń bínú. Màmá, òjò ń rọ̀ ní Banigbé, mo sì wà ní Banigbé."